NFS lórí Linux: mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún un, àfi lórí ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì

Iṣẹ́ fídíò ìnáwó ni wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́ tí mo ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní Ìjàpọ̀, níbí ní Àkúrẹ́: ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìwúyè, ìkómọjáde. Bí Sátidé bá ti parí, kámẹ́rà mẹ́ta mẹ́rin ló ń kó ẹrù dé lálẹ́, gbogbo fáìlì náà sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí àwọn tó ń ẹ́díìtì á ti rí i láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. NFS (Network File System), tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣí fọ́ldà tó wà lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan (server) bí ẹni pé tirẹ̀ ni, ló ń bá wa gbé ẹrù yìí. Apá rẹ̀ tó wà lórí kọ̀ǹpútà oníṣẹ́, èyí tó ń bá nfs-common wọlé lórí Debian àti Ubuntu, ni mo fẹ́ sọ èrò mi lé lórí. Mo ti bá a gbé tó láti mọ ìwà rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ wa pọ̀, láti Alágbàká títí dé ìlú Oǹdó, tí wọ́n ṣì ń gbé hádì dísíìkì kiri láti yàrá dé yàrá.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. Ó dára gan-an, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà yín bá ní ju àdírẹ́sì kan lọ (nọ́ńbà IP tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì), NFS ti Linux kò ní bi yín pé èwo ni kí òun gbé jáde lọ bá server, kò sì sí ibì kankan nínú àṣẹ mount, èyí tí a fi ń so fọ́ldà server mọ́ kọ̀ǹpútà, tí ẹ ti lè sọ fún un. Ẹni tí kò bá mọ èyí lè rò pé òun ti ti ilẹ̀kùn, kó sì jẹ́ pé gbayawu ló ṣí i sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ wa gan-an nìyẹn, màá sì dé ibẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni ìwà tó ń hù bí iná bá lọ. Àwọn kọ̀ǹpútà wa wà lórí UPS, server wà lórí inverter, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ọ̀gá wa tó gbà pé ó yẹ kí switch tó so gbogbo wọn pọ̀ náà wà lórí inverter. Iná á lọ, switch á kú, ọ̀nà á já láàárín kọ̀ǹpútà àti server. Ọmọkùnrin tó ń ẹ́díìtì á kàn rí i pé àwòrán dúró sójú kan, ìyàwó gbé ẹsẹ̀ kan sókè nínú ijó, kò gbé e sílẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ kernel (ọkàn Linux), ẹ ó rí ìlà kan níbẹ̀: "nfs: server 192.168.1.10 not responding, still trying". Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, switch á jí, ìlà mìíràn á jáde pé server ti OK, ìyàwó á gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, á sì máa jó lọ. Fáìlì kankan kì í bàjẹ́. Èmi kàn ti kọ́ àwọn ọmọ náà pé kí wọ́n má tẹ nǹkan kan, kí wọ́n má pa ẹ̀rọ, kí wọ́n ká ọwọ́ títí iná á fi dé.

Ìdí rẹ̀ ni pé hard ni NFS máa ń lò bí ẹ kò bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Bí server kò bá dáhùn, kì í dá àṣìṣe padà fún ẹ̀rọ ẹ́díìtì, ńṣe ló máa ń dúró, á tún béèrè, á tún béèrè. Lórí ìsopọ̀ TCP, timeo rẹ̀, ìyẹn àkókò tó fi ń dúró de ìdáhùn, jẹ́ 600; ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá 60 ni. Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí a fi soft sí i kí kọ̀ǹpútà má bàa dì. Mi ò fara mọ́ ọn rárá níbi tí wọ́n bá ti ń kọ fáìlì sílẹ̀. Soft á dá àṣìṣe padà, ẹ̀rọ ẹ́díìtì tí kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí àṣìṣe yẹn á sì fi fáìlì sílẹ̀ ní ààbọ̀. Fídíò ìsìnkú ìyá ẹni kì í ṣe nǹkan tí a lè padà lọ yà.

Ní ti yíyára, kò sí ẹ̀sùn. Lórí wáyà gigabit, nǹkan bí 110 MB ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà 60 GB ti ìgbéyàwó kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó dórí server. Láti Linux 5.3, tó jáde ní 2019, ẹ lè fi nconnect ṣí tó ìsopọ̀ 16 sí server kan náà, ṣùgbọ́n lórí wáyà gigabit kan ṣoṣo, kò wúlò fún wa.

Ó ti dàgbà náà. Ọdún 1984 ni Sun Microsystems ní Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ ṣe é. Version 3 rẹ̀ wà nínú ìwé ìlànà RFC 1813 ti 1995, 4.1 dé ní 2010, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ṣì gbẹ́kẹ̀ lé e. Irinṣẹ́ tó ti pẹ́ báyìí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan á dédé pa tì lọ́la.

Ó wá kù ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì.

Yàrá ìdúró wa ní Wi-Fi fún àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá wá yan àwòrán tàbí wá wo fídíò rẹ̀ á fẹ́ dáhùn WhatsApp, ọ̀gá wa sì sọ pé kí a má fi í du wọn. Router kan náà ló ń pín àdírẹ́sì fún fóònù àwọn oníbàárà àti fún àwọn kọ̀ǹpútà ẹ́díìtì, gbogbo rẹ̀ nínú 192.168.1.0/24, ìyẹn gbogbo àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168.1. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tí ọ̀gá gbà kí n tó débẹ̀ ló to nẹ́tíwọ̀ọ̀kì náà. Èrò rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ dára, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì méjì lórí káàdì kan: èyí tí router fún un, ká sọ pé 192.168.1.21, kó wà fún íntánẹ́ẹ̀tì, kí ìkejì tí kì í yẹ̀, 192.168.1.121, tí kò sí lára èyí tí router ń pín, wà fún server nìkan. Nínú ìwé exports ti server, kìkì 121 sí 124 ló yẹ kó lè wọlé. Router kò ní fún fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù tó bá wọ Wi-Fi ní nọ́ńbà yẹn láéláé.

Ó kọ àṣẹ kékeré kan tó ń fi àdírẹ́sì kejì kún káàdì lẹ́yìn tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti dìde. Ó wá kọ clientaddr=192.168.1.121 sínú fstab kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìwé tó ń sọ fọ́ldà tí kọ̀ǹpútà máa mount, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí mo dé, gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ka /proc/mounts, àkọsílẹ̀ ohun tí kọ̀ǹpútà ti mount, ẹ ó rí clientaddr=192.168.1.121 níbẹ̀ gedegbe. Ẹni tó bá wò ó báyìí á gbà pé ọ̀nà 121 ni fáìlì ń gbà. Ṣùgbọ́n àṣà mi ni láti wo ìsopọ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Mo tẹ

ss -tn dst 192.168.1.10

ohun tó sì fi hàn mí ni 192.168.1.21:871 lápá kan, 192.168.1.10:2049 lápá kejì. Àdírẹ́sì tí router fún un ló ń gbà! Nọ́ńbà 121 kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò ṣe nǹkan kan. Báwo wá ni server ṣe gbà wọ́n wọlé? Mo ṣí /etc/exports, mo rí i: lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti kọ̀, ọ̀gbẹ́ni náà ti yọ àdírẹ́sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, ó sì fi 192.168.1.0/24 rọ́pò wọn. Gbogbo nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Yàrá ìdúró náà wà nínú rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá. Ó ń jẹun lọ́wọ́, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé ẹni tó jókòó sórí àga níta yẹn lè wo fídíò ìnáwó ẹlòmíì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Tó bá gbé láptọ́ọ̀pù Linux wá tó sì mọ̀ ọ́n ṣe, á wò ó, á sì lè pa á rẹ́."

Kò jẹun náà tán. Owó tí wọ́n ń ná, ojú àwọn èèyàn ńlá, ẹkún àwọn ọmọ olókùú, gbogbo rẹ̀ wà lórí server yẹn. Àwọn èèyàn fi ọkàn tán wa ni wọ́n ṣe jẹ́ kí a gbé kámẹ́rà wọ yàrá wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Bí NFS ṣe máa ń wá láti ilé, kì í béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. AUTH_SYS ló ń lò: kọ̀ǹpútà oníṣẹ́ á sọ fún server pé nọ́ńbà ẹni tó ń béèrè ni 1000, server á gbà á gbọ́. root_squash á sọ root (olùlò tó ní gbogbo àṣẹ) di nobody (ẹni tí kò ní àṣẹ) lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò lè dá olùlò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1000 sórí láptọ́ọ̀pù ara rẹ̀? Nítorí náà, àdírẹ́sì tí ẹ kọ sínú exports ni ẹnu ọ̀nà, òun nìkan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àdírẹ́sì tí kọ̀ǹpútà gbé jáde fi ṣe pàtàkì gidigidi.

Clientaddr yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Nínú NFS 4.0, server lè fún kọ̀ǹpútà oníṣẹ́ ní fáìlì kan bí ẹni pé kó máa mójú tó o fúnra rẹ̀. Bí ẹlòmíì bá wá béèrè fáìlì yẹn, server gbọ́dọ̀ pe kọ̀ǹpútà náà padà pé kó dá a padà, ìpè yẹn sì máa ń gba ìsopọ̀ tuntun tí server fúnra rẹ̀ ṣí. Clientaddr ló ń sọ àdírẹ́sì tí server á fi pè é. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sọ fún ẹ pé, "Nọ́ńbà tí o máa fi pè mí padà rèé," tó sì jẹ́ fóònù mìíràn ló fi ń bá ẹ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kò kan ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà jáde lọ rárá. Láti 4.1 lọ sókè, server kì í ṣí ìsopọ̀ mìíràn mọ́, orí ìsopọ̀ tí kọ̀ǹpútà ti ṣí sílẹ̀ ló ń pè é, nítorí náà clientaddr kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó ṣì máa ń hàn nínú /proc/mounts. Ojúlé ìwé nfs nínú man, ìwé ìtọ́sọ́nà inú Linux, sọ gbogbo èyí fúnra rẹ̀, ẹni tó bá kà á dé ìsàlẹ̀ á rí i, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ń fa ọkàn èèyàn síbi tí kò sí.

Ta ló wá ń yan àdírẹ́sì? Kernel ni, nípa àkọsílẹ̀ ọ̀nà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí NFS bá fẹ́ lọ bá 192.168.1.10, á kàn ní "ẹ gbé mi débẹ̀", kernel á wo ọ̀nà tó lọ síbẹ̀, á wo àdírẹ́sì tí wọ́n so mọ́ ọ̀nà yẹn, òun ló máa gbé wọ̀. Bí àdírẹ́sì méjì bá wà nínú subnet (ìdílé àdírẹ́sì) kan náà lórí káàdì kan, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni àkọ́bí. Ẹ tẹ ip addr, ẹ ó rí i pé ìkejì ní àmì "secondary" lára. Tiwa rí bẹ́ẹ̀: router fún un ní 21 kí àṣẹ kékeré yẹn tó fi 121 kún un, nítorí náà 21 ló ń jáde ní gbogbo ìgbà. Ẹ kò nílò láti méfò:

ip route get 192.168.1.10

Àbájáde rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ src nínú. Àdírẹ́sì tó bá tẹ̀ lé src yẹn ni NFS máa lò, yálà ẹ fẹ́ tàbí ẹ kọ̀.

Ibí ni mo ti ń bínú sí irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn. Àwọn irinṣẹ́ mìíràn ń jẹ́ kí ẹ yan àdírẹ́sì: SSH ní BindAddress. curl ní --interface. Ping ní -I. Kódà cifs, tí a fi ń bá Samba (tó ń pín fáìlì lọ́nà ti Windows) sọ̀rọ̀ láti inú kernel Linux kan náà, ní srcaddr tirẹ̀. NFS nìkan ni kò ní. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ fún irinṣẹ́ tó jẹ́ pé àdírẹ́sì ni gbogbo ìṣọ́ rẹ̀ gbára lé. Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ọ̀nà ni, kì í ṣe iṣẹ́ mount. Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé iṣẹ́ kékeré kò yẹ kó di ọ̀jọ̀gbọ́n nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kó tó lè sọ pé "gba ibí".

Àtúnṣe wà, ó sì rọrùn bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún server náà nìkan, kí ẹ sì so àdírẹ́sì tí ẹ fẹ́ mọ́ ọn:

ip route add 192.168.1.10/32 dev eno1 src 192.168.1.121

Nítorí pé /32, tó jẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, ṣe pàtó ju /24 lọ, òun ni kernel máa tẹ̀ lé. Àdírẹ́sì 121 gbọ́dọ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kernel á kọ̀ ọ́. Èyí tí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ báyìí á sì pòórá bí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn, nítorí náà mo gbé àdírẹ́sì àti ọ̀nà náà lọ sọ́wọ́ NetworkManager, ètò tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lórí kọ̀ǹpútà, kí ó máa gbé wọn dìde pọ̀:

nmcli connection modify "Wired connection 1" +ipv4.addresses 192.168.1.121/24 +ipv4.routes "192.168.1.10/32 src=192.168.1.121"

Mo pa àṣẹ kékeré ọ̀gbẹ́ni yẹn rẹ́. Lórí server, mo dá àdírẹ́sì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sínú exports, mo tẹ exportfs -ra kí server lè tún un kà.

Ohun kan máa ń dá àwọn èèyàn dúró níbí. Ẹ ti yí ọ̀nà padà, ẹ tún wo ss, 21 ṣì wà níbẹ̀! Kì í ṣe pé ọ̀nà náà kò ṣiṣẹ́. Ìsopọ̀ TCP tó ti wà láti àárọ̀ kì í pààrọ̀ àdírẹ́sì láàárín ìrìn. Bí fọ́ldà méjì tàbí mẹ́ta bá sì wá láti ọ̀dọ̀ server kan náà, ìsopọ̀ kan náà ni Linux sábà máa ń fi gbé gbogbo wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ umount (tú) gbogbo wọn pátá, kì í ṣe ọ̀kan, kí ẹ tó tún mount. Ìdí kan náà ni ẹ kò fi lè sọ pé kí fọ́ldà fídíò gba àdírẹ́sì kan, kí fọ́ldà orin gba òmíràn, bí server wọn bá jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó bá nílò irú rẹ̀ gan-an lè fún server ní àdírẹ́sì méjì, kó ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí kó wọ inú ọ̀rọ̀ network namespace, ìyẹn yíya nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Fún ilé iṣẹ́ bíi tiwa, àṣejù ni.

Láptọ́ọ̀pù ló fún mi ní wàhálà jù. Ọ̀gá máa ń gbé tirẹ̀ lọ sóde ìnáwó, á tún gbé e dé, á fi wáyà sí i, Wi-Fi rẹ̀ á sì wà ní títàn. Méjèèjì wà nínú 192.168.1.0/24. NetworkManager máa ń fún wáyà ní metric 100, á fún Wi-Fi ní 600, èyí tó kéré ló ń borí, nítorí náà wáyà ló yẹ kó máa gbà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ti ṣí fọ́ldà lórí Wi-Fi kó tó fi wáyà sí i, àdírẹ́sì Wi-Fi ni ìsopọ̀ yẹn á máa gbé kiri. Tó bá wá pa Wi-Fi, àdírẹ́sì yẹn ti kúrò nílẹ̀. Fọ́ldà á dì. Lẹ́yìn ìgbà tó bá ti dúró sú, kernel á ṣí ìsopọ̀ tuntun pẹ̀lú àdírẹ́sì wáyà, bí server kò bá sì mọ àdírẹ́sì yẹn nínú exports, á lé e padà. Ojú ọ̀gá ni pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi àdírẹ́sì kan tí kì í yẹ̀ sínú ètò wáyà láptọ́ọ̀pù náà, pẹ̀lú ọ̀nà tí src rẹ̀ jẹ́ àdírẹ́sì yẹn. Òun nìkan ni mo kọ sínú exports. Lórí Wi-Fi, server kì í gbà á rárá, ọ̀gá sì ti mọ̀ pé kí òun fi wáyà sí i kí òun tó ṣí fọ́ldà fídíò.

Ẹ má sì rò pé káàdì méjì nínú subnet kan náà á tún ọ̀rọ̀ ṣe. Mo rí ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan tó ra káàdì kejì fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, tó sì fi méjèèjì sórí switch kan, nínú ìdílé àdírẹ́sì kan náà. Ẹrù ṣì ń gba káàdì kan jáde. Lórí Linux, káàdì kan tún lè dáhùn ARP (ìbéèrè pé káàdì wo ló ni àdírẹ́sì kan) fún àdírẹ́sì tó wà lórí káàdì kejì, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ẹ kò lè ṣàlàyé. Bí ẹ bá ti ná owó káàdì, ẹ ná ti switch mọ́ ọn.

Ohun tí àwa ṣe nígbẹ̀yìn nìyẹn, òun ni mo sì fọwọ́ sí jù lọ. Ọ̀gá gbà, a ra switch gigabit kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Ọba Adésidà, a ra káàdì kejì fún àwọn kọ̀ǹpútà ẹ́díìtì, a fún wọn ní 10.10.10.0/24 tiwọn. Switch yẹn kò so mọ́ router. Kò sí gateway (ọ̀nà àbájáde sí ìta) níbẹ̀, kò sí Wi-Fi níbẹ̀. Server náà ní ẹsẹ̀ kan níbẹ̀, 10.10.10.10. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀nà náà, kernel kò ní ohun tó máa yàn. Ọ̀rọ̀ src tán pátápátá fún àwọn kọ̀ǹpútà yẹn. Exports wọn sì jẹ́ ìlà kan. Inverter náà ti ń gbé switch yìí.

Àdírẹ́sì nìkan kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ gidi o. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí wáyà kan náà lè fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà yín nígbà tí kọ̀ǹpútà yín bá wà ní pípa. Kerberos, tó ń béèrè ẹ̀rí ẹni tí olùlò jẹ́, tí ẹ ń fi sec=krb5 pè, ni ti ilé ìfowópamọ́ àti yunifásítì. Fún wa, switch tí kò kan ìta nínú yàrá tí a ń tì ti tó.

Ta ni mo wá sọ fún pé kó lò ó? Bí gbogbo kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ Linux, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì kan, ẹ máa lò ó lọ, ẹ kò ní rí wàhálà tí mo sọ yìí láéláé. Bí Windows bá pọ̀ láàárín wọn, Samba á rọ̀ yín lọ́rùn jù. Kọ̀ǹpútà ẹni tó ń gé ohùn fún wa jẹ́ Windows, Samba ló ń lò láti orí server kan náà, kò sì ní ẹ̀sùn. Bí ẹ bá ní àdírẹ́sì púpọ̀ tí ẹ sì fẹ́ fi exports ṣọ́ fídíò àwọn èèyàn, ẹ tẹ ip route get àti ss kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan onímọ̀ tí ẹ sanwó fún.

Ìlà tó wà nínú fstab àwọn kọ̀ǹpútà ẹ́díìtì wa báyìí nìyí:

10.10.10.10:/srv/fidio /mnt/fidio nfs vers=4.2,hard,_netdev,x-systemd.automount 0 0

x-systemd.automount yẹn ló jẹ́ kí fọ́ldà dúró títí ẹnì kan á fi ṣí i kó tó lọ wá server, nítorí náà kọ̀ǹpútà kì í dì nígbà tó bá ń tàn bí server kò bá tíì jí. Clientaddr kò sí níbẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà iwájú, níbi tí a ti ń fi fídíò han oníbàárà, kò ní àyè fún káàdì kejì, òun àti láptọ́ọ̀pù ọ̀gá nìkan ló ṣì ń lo ọ̀nà /32 pẹ̀lú src. Mo fún kọ̀ǹpútà iwájú náà ní ro nínú exports, kó lè kà, kó má lè kọ.